Orúkọ Kẹ́hìndé nínú Ìwé Asùráńsì

Àìsàn ni wọ́n tẹ́ sórí ẹní ní ilé Bassirou lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ń ṣà á bí ẹni ń ṣa iṣu lọ́jà Tchaourou. Ìwé funfun mẹ́rin ni. Wọ́n to orúkọ àìsàn sínú wọn láti òkè délẹ̀, ibà ló síwájú, àìsàn kíndìnrín ló kẹ́yìn, wọ́n sì ya yàrá kékeré kan síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni pé wọ́n ti bá a wá ibi tí yóò wọ̀ sí. Ọyẹ́ ń fẹ́. Farid, konseyé, ìyẹn aṣojú asùráńsì, tó gun alùpùpù ti Parakou wá, kó òkúta lé àwọn ìwé náà lórí kí afẹ́fẹ́ má baà gbé wọn lọ. Eruku ojú ọ̀nà ti kun irun orí àti irun ojú rẹ̀ lẹ́fun, ọmọ ọgbọ̀n ọdún wá jọ arúgbó.

"Ẹ wò ó dáadáa, Tonton," ó wí fún Bassirou. "Èyí tí ẹ bá fi àmì sí ni asùráńsì yóò máa san owó ìtọ́jú rẹ̀ fún yín títí ọjọ́ alẹ́ yín. Èyí tí ẹ kò bá fi àmì sí, ẹ̀yin àti Ọlọ́run ni."

"Ẹ̀yin ará Parakou ti wá ń kiri àìsàn báyìí?" Tata Kafilatou ló sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Bassirou ni, opó ni, ilé àbúrò rẹ̀ ló ń gbé.

"Tata, a kò kiri àìsàn. Ìtọ́jú là ń tà."

"Ọ̀kan náà ni. Ẹni tó kan pósí tó gbé e síta, ta ló ń retí?"

Farid rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Bassirou kò rẹ́rìn-ín. Ó ti mú bíìkì ìkọ̀wé dání láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ ẹ̀kọ àárọ̀ tán, ibà nìkan ló sì tíì fi àmì sí.

Ọ̀rọ̀ tó kó wọn jọ kò gùn. Iléeṣẹ́ kàjú tí Bassirou ti ń wọn ẹrù fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti fún un ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Asùráńsì tó wà lórí òun àti ará ilé rẹ̀ yóò já ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá tọwọ́ bọ ìwé tuntun kí aago márùn-ún tó lù, okùn kò já. Ó kàn bọ́ láti ọwọ́ iléeṣẹ́ sí ọwọ́ Bassirou ni. Bí aago márùn-ún bá kọjá, wọ́n di àlejò. Àlejò a máa dúró oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó san ohunkóhun fún un, àìsàn tó bá sì gbé ti ilé wá, wọn kì í san tirẹ̀ láéláé.

Kaoussara, ìyàwó Bassirou, kò ní oṣù mẹ́fà. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ẹsẹ̀ tó wú tó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi òróró pa. Dókítà ti sọ pé kíndìnrín rẹ̀ kò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kí ó wá bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ní Parakou.

"Fọ́múlù kékeré ti tó wa," Bassirou wí nígbẹ̀yìn. "Ibà, eyín, ojú, inú rírun. Fọ́múlù ńlá yóò gbé ìdajì owó ìfẹ̀yìntì lọ lóṣooṣù. Kí la ó máa jẹ?"

"Èmi ò béèrè oúnjẹ," Kaoussara dáhùn. "Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ ni mò ń lá bí ewúrẹ́ láti bí oṣù mẹ́rin. Ìnáwó wo ló tún wà lára mi, Bàbá Ìbejì?"

"Ta ló bá ọ jà?"

"Ìwọ kọ́. Bíìkì ọwọ́ rẹ ni."

Farid súnmọ́ wọn. "Tonton, ká ní mo fẹ́ jẹun lára yín ni, fọ́múlù kékeré ni mi ò bá tà fún yín, òun ló yá tà. Ṣùgbọ́n ẹ fi ibà sílẹ̀, ewé dóńgóyárò wà fún ibà. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá yìí ni kí ẹ fi àmì sí. Ẹ̀rọ yẹn, ẹ kò lè fi owó ọwọ́ yín san án. Ẹni tó gbìyànjú rẹ̀ ta ilẹ̀, ó ta oko kàjú, ó sì wá ta òrùlé."

Bassirou wo yàrá kékeré tó wà níwájú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe owó nìkan. Àgbàlagbà tí kì í pe ejò lórúkọ bí ilẹ̀ bá ti ṣú ni. Kí ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún irú àlejò yìí, kí ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbé e.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe ti àwọn ará ilé ná, kí Tonton fi máa ronú," Farid wí. "Ká kà wọ́n."

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," Tata Kafilatou gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Èmi kọ́, Tata. Ẹ̀rọ ti kà wọ́n tipẹ́." Ó gbé fóònù ńlá rẹ̀ sókè. "Bassirou, baálé. Kaoussara, ìyàwó. Kafilatou, ẹ̀gbọ́n baálé. Táyé, ọmọ. Kẹ́hìndé, ọmọ."

Ní ẹ̀yìnkùlé, ọmọ odó tó ti ń dún bọ̀ dákẹ́. Táyé ló ń gún iyán.

"Káàdì àtijọ́ kò ní fótò," Farid ń bá tirẹ̀ lọ, "káàdì tuntun ní. Ẹni tó bá ti pé ọdún méjìdínlógún gbọ́dọ̀ jókòó síwájú mi lónìí kí n ya fótò rẹ̀, kí ó sì tọwọ́ bọ̀wé. Táyé wà lẹ́yìnkùlé, mo rí i nígbà tí mo wọlé. Kẹ́hìndé ń kọ́?"

Afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Ìwé mẹ́rin náà sùn lé ẹní bí ẹni pé wọn kò nílò òkúta mọ́.

"Ó lọ ṣẹ́gi," Kaoussara wí.

Farid ò béèrè ìgbà tí yóò dé. Ọmọ abúlé Goro nítòsí ibẹ̀ ni ìyá tó bí i. Ẹni tí wọ́n bí lágbègbè yẹn mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ ìbejì. Èyí tó bá lọ, igi ló lọ ṣẹ́ nínú igbó, kò tíì dé ni. Bí ènìyàn bá la ẹnu sọ ọ̀rọ̀ kejì, èyí tó kù nílé yóò gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́ lórí ilẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé iléeṣẹ́ bi Bassirou nípa àwọn ọmọ rẹ̀, ọdún mẹ́tàdínlógún sẹ́yìn, Bassirou ní ìbejì ni, ọ̀kan wà nílé, ọ̀kan lọ ṣẹ́gi. Akọ̀wé náà kì í ṣe ọmọ ibí. Ó kọ méjì. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń gé owó Kẹ́hìndé lára owó oṣù bàbá rẹ̀, oṣù kan kò fò. Nígbà tí wọ́n ń gbà á, kò sẹ́ni tó béèrè ojú rẹ̀. Ìgbà tó kù kí àwọn náà san ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i.

Farid rẹ ohùn sílẹ̀. "Láti ìgbà wo, Tonton?"

"Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún méje ni."

Farid fi ìka ta ojú fóònù náà, ó tún ta á. Ó dúró. Ó gbé e súnmọ́ ojú bí ẹni tí kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́.

"Kí lo rí?" Tata Kafilatou béèrè.

"Ohun tí wọ́n kọ síbí ni pé..." Ó tún un kà. "Kẹ́hìndé wọ ilé ìwòsàn ní Parakou lọ́dún tó kọjá, nínú oṣù Ààwẹ̀. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ó bímọ."

Kaoussara gbé orí kúrò lára ògiri.

"Kí ló bí?" Kaoussara béèrè. Ohùn rẹ̀ mọ́ tónítóní, bíi ti ìyá tí wọ́n mú ìròyìn wá bá láti abúlé kejì.

"Ọkùnrin, Tata."

"Alihamdulilai." Ó rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, bí ẹni tó fẹ́ dìde lọ kí ìyá ọmọ. "Ṣé ara òun àti ọmọ le?"

Farid wo Bassirou, Bassirou wo ilẹ̀. "Ìwé sọ pé ara wọn le."

"Ó dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀."

"Olè ni!" Bassirou bú sẹ́kún ìbínú, ó ju bíìkì sórí ẹní. "Olè kan ló wà níbì kan tó ń jẹ Kẹ́hìndé! Kẹ́hìndé mi! Ta ló gbé orúkọ Kẹ́hìndé..."

"Dákẹ́!" Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. "Ṣé orí rẹ pé? Wo òòrùn. Ọ̀sán gangan ni ò ń pe ẹni tó wà nígbó lórúkọ? O ti pè é ẹ̀ẹ̀mẹ́ta!"

Láti òdìkejì ògiri ni ohùn obìnrin kan ti dáhùn, ohùn aládùúgbò tó ń sá èèpo iṣu: "Ìyá Ìbejì! Mo gbọ́ tí wọ́n ń pe Kẹ́hìndé. Ṣé ó ti dé ni?"

Wọ́n wo ara wọn.

"Kò tíì dé," Kaoussara dá a lóhùn. "Ó ti bímọ, ṣùgbọ́n kò tíì dé."

Wọ́n gbọ́ tí aládùúgbò náà gbé ìjókòó rẹ̀, tó wọlé, tó sì ti ilẹ̀kùn.

Ẹniọlá ló wá wọlé lójijì, ìyàwó Bámidélé, tí ilé wọn fara ti ilé Bassirou. Ó wá dá asẹ́ padà. Ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sùn, orí rẹ̀ já sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ kú ọ̀sán o, ẹ̀yin ará ilé! Èwo ni ti ojú ro-ro báyìí, ṣé iyán ọ̀hún lẹ́mọ ni?" Ó rí fóònù ńlá náà. Ó rí káàdì àtijọ́ lórí ẹní. Ẹ̀rín rẹ̀ gbẹ.

Táyé ti jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ó gbé ọmọ odó dání síbẹ̀, iyán funfun lẹ̀ mọ́ ọn. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wo bàbá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀.

"Bàbá, èmi ni."

"Ìwọ ni kí ni?"

"Èmi ni mo fún Ẹniọlá ní káàdì. Ọjọ́ kẹta ló ti ń rọbí. Wọ́n lé wa ní Tchaourou pé ká lọ sí Parakou. Wọ́n ní Parakou pé ká san owó kí ọ̀bẹ tó kàn án. Ọkọ rẹ̀ wà lóko ní Sanson, kò sẹ́ni tó rí i pè. Ó ń wò mí, Bàbá. Kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó kàn ń wò mí ni. Káàdì méjèèjì wà lápò mi. Tèmi ti dópin, wọ́n ti lò ó tán fún ọdún yẹn nígbà tí ọwọ́ mi ṣẹ́. Mo bá ní òun ni Kẹ́hìndé."

Ẹniọlá náà kúnlẹ̀ tọmọtọmọ. "Ẹ má bínú, Bàbá. Mi ò mọ ohun tí wọ́n kọ. Nígbà tí mo lajú, nọ́ọ̀sì ń pè mí ní Kẹ́hìndé. Mo jẹ́ ẹ." Ó wo ọ̀nà ẹ̀yìn ilé. "Láti ìgbà náà, ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé. Lọ́nà ojú irin níbẹ̀ yẹn. Wọ́n á pè é lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á dákẹ́."

Ojú irin náà wà lẹ́yìn ilé gbogbo wọn, koríko ti bò ó. Ọ̀nà ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà lọ sígbó.

"Ṣé o máa ń jẹ́ ẹ?" Tata Kafilatou béèrè.

Ẹniọlá fa ọ̀já ẹ̀yìn rẹ̀ le.

"Gbé e wá," Kaoussara wí.

Ẹniọlá tú ọ̀já. Kaoussara gba ọmọ náà lé itan, ó wo etí rẹ̀, ó wo èékánná rẹ̀, ó sì gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tirẹ̀ tó wú. Ó pẹ́ níbẹ̀. Bassirou fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ebi ń pa á," Kaoussara wí, ó sì dá ọmọ náà padà. "Fún un lọ́mú."

Nígbà tí Ẹniọlá lọ tán ni ìjà wá bẹ́. Bassirou kò na Táyé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ, ó ti ju ẹgba lọ. "Asùráńsì wo ni yóò tún gbà wá? O ti pa ìyá rẹ. O fi àánú òde pa ìyá tó bí ọ. Nítorí kí ọmọ ẹlòmíràn lè yè, èmi ni mo máa wá gbẹ́lẹ̀."

"Ṣe bí ẹ sọ pé kò sówó fún fọ́múlù ńlá tẹ́lẹ̀?" Táyé fèsì, omijé ń já bọ́ sórí ọmọ odó. "Kí Farid tó ka orúkọ kankan, ẹ̀yin náà ti kọ̀ láti fi àmì sí i!"

Ọ̀rọ̀ náà gún un lọ́kàn. Bassirou jókòó.

"Ọmọ yìí ò parọ́," Tata Kafilatou wí. "Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ká ní kò fún un ní káàdì ni, tìyá tọmọ ni à bá ti sin lọ́jọ́ yẹn, ìwọ Bassirou náà ni ò bá sì gbé ṣọ́bìrì."

Wọ́n jẹ iyán. Kaoussara fi tirẹ̀ kan ọbẹ̀ àìníyọ̀. Farid jẹ díẹ̀, ó ń wo aago. Wọ́n kírun Àìlà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni konseyé náà pe Bassirou àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jókòó, ó sì la ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bí ẹni ń la iṣu.

"Tonton, wọn kì í ṣàdéédé yọ orúkọ kúrò nínú ìwé. Bí ọmọ bá lọ sílé ọkọ, wọ́n ń béèrè ìwé ìgbéyàwó. Bí ó bá jẹ́..." Ó wo ọ̀dọ̀ Táyé, ó sì yí ọ̀rọ̀ padà. "Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń béèrè ìwé ìlú, tí ọjọ́ wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni ìjọ̀ngbọ̀n. Ẹni tó bá rí i pé ọmọ ọdún méje lọ sọ́nà jíjìn, tó sì wá bímọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, yóò da gbogbo ìwé dosíè yín nù. Wọ́n lè ní kí ẹ wá san owó iṣẹ́ abẹ náà padà. Wọ́n lè fi ọlọ́pàá mú Ẹniọlá."

"Ká fi orúkọ náà sílẹ̀ níbẹ̀ ńkọ́?" Bassirou béèrè.

"Bí a bá fi sílẹ̀, ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ jókòó síwájú mi. Bí ojú kan bá ṣófo, dosíè ò ní wọlé. Kò wọlé fún Tata Kaoussara nìyẹn."

"Kò sí ọ̀nà kẹta?"

Farid kó ẹnu jọ. Ó wo ìwé, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ojú bá sé ojú ni ènìyàn ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ojú gbogbo wọn sì wà níbẹ̀.

"Wọ́n jọra gan-an, àbí?" ó wí. Kò fi nǹkan kan kún un. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo táyà alùpùpù òun.

Táyé ló kọ́kọ́ mọ ohun tó sọ. Òun ni wọ́n fẹ́ kó jókòó fún orúkọ méjèèjì.

"Rárá," Tata Kafilatou wí. "Rárá o. Bassirou, gbọ́ mi. Ẹni tó lọ sígbó, kò mọ̀ pé ọjọ́ ti lọ. Bí ó bá rí ojú ara rẹ̀ nílé, tó jókòó, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, yóò wá wò ó. Bó bá sì wá, àwọn méjèèjì kò lè jókòó sórí ìjókòó kan."

"Mo gbọ́," Bassirou wí.

"O gbọ́, kí lo wí?"

Bassirou wo ìyàwó rẹ̀. Kaoussara ti sùn lọ níjókòó, ẹnu rẹ̀ là, awọ ojú rẹ̀ sì ti pọ́n bí ewé kàjú tó fẹ́ já. Èémí rẹ̀ ń dún bí ẹni ń fa omi láti inú kànga jíjìn. Ó pẹ́ kí èémí kan tó tẹ̀lé èkejì.

"Màá ṣe é," Táyé wí.

"Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ọ́."

"Ẹ ti sọ pé mo pa á, Bàbá."

Wọn ò tíì mọ bí wọn yóò ti ṣe é tí Kaoussara fi lajú. Kò béèrè ohun tí wọ́n ń sọ. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí aṣọ jáde. Gbogbo aṣọ tí wọ́n ti ń rà fún Táyé láti ọdún mẹ́tàdínlógún, méjì-méjì ni wọ́n rà á. Bí a bá ra fún ìbejì kan, a gbọ́dọ̀ ra fún èkejì, ibi yòówù tó bá wà. Aṣọ ọmọ ọdún mẹ́jọ wà níbẹ̀, ti ọmọ ọdún mẹ́wàá, ti ọmọge. Àwọn ti Táyé ti gbó, wọ́n ti di ìnulẹ̀. Àwọn tó wà nínú àpótí, ẹnìkan kò wọ̀ wọ́n rí. Kaoussara ṣà á títí ó fi kan bùbá àti ìró aláwọ̀ ewé tí wọ́n rà nígbà Iléyá tó kọjá. Ó nà án sí Táyé.

"Lọ wọ̀ ọ́. Aṣọ rẹ ni."

Farid ya fótò àwọn àgbà mẹ́ta ná, ó wá ya Táyé gẹ́gẹ́ bíi Táyé, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, iyán gbẹ mọ́ ọn lápá. Táyé fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tọwọ́ bọ̀wé. Lẹ́yìn náà ó wọlé.

Ó pẹ́ nínú ilé. Wọn ò gbọ́ ìró kankan. Aago mẹ́rin ti kọjá. Ladáànì ti pe ìrun Alásàrí, kò sì sẹ́ni tó dìde. Nígbà tí aṣọ ìlẹ̀kùn sún, Tata Kafilatou yí ojú sí ògiri.

Obìnrin tó jáde náà ya irun rẹ̀ sí apá kejì. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tí kò mọ ibi tí ilẹ̀ ilé náà ti ga àti ibi tó ti rẹlẹ̀. Ó fẹ́ jókòó, ó kọ́kọ́ wo ẹni gbogbo lójú bí àlejò.

"Orúkọ?" Farid béèrè. Kò yẹ kí ó béèrè, orúkọ wà níwájú rẹ̀.

"Kẹ́hìndé."

Ó ya fótò náà. Nínú ti Táyé, ojú ti ń ṣẹ́, nítorí Táyé kì í lè wo kámẹ́rà láìṣẹ́jú. Nínú èyí, ojú là sílẹ̀ gbalaja. Farid gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó wò wọ́n títí, ó sì pa ojú fóònù náà dé. Ó na bíìkì sí i.

Ọwọ́ òsì ló fi gbà á.

Bassirou mí kanlẹ̀. Ọwọ́ òsì ni Kẹ́hìndé fi ń ṣe ohun gbogbo nígbà tó wà nílé, wọ́n nà án títí kò gbọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún Táyé pé kí ó rántí ìyẹn. Ó kọ orúkọ náà láìdúró, lẹ́tà rẹ̀ gún régé, ó sì fi bíìkì lélẹ̀ lápá òsì ìwé.

"Ó ku Tonton," Farid wí kíákíá. "Fọ́múlù wo?"

Bassirou kò ronú mọ́. Ó fà á lé e láti òkè délẹ̀, yàrá kan kò ṣẹ́ kù, títí ó fi dé ti ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó tẹ bíìkì mọ́ ọn débi pé ìwé náà ya. Farid ya àwòrán gbogbo rẹ̀, ó gbé fóònù náà jáde sí ojúde níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbé ń wọlé, ó na ọwọ́ rẹ̀ sókè bí ẹni ń ṣàdúà. Nígbà tí aago márùn-ún ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá, fóònù náà dún.

"Ó ti wọlé," ó wí. "Ẹ̀yin márààrún. Lọ́jọ́ Ajé, kí Tata mú ìwé yìí dání lọ, wọn kò ní béèrè owó lọ́wọ́ rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà."

"Ọlọ́run á san án fún ọ," Bassirou wí. "Dúró, jẹ ìyókù iyán."

"Ọ̀nà jìn, Tonton." Ó kó òkúta kúrò lórí ìwé, ó kó ìwé sápò. Ó kí gbogbo wọn, ó kí Táyé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kò pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tí alùpùpù rẹ̀ fò sókè láti orí gegele ojú ọ̀nà kan dé ìkejì, kò dẹ ẹsẹ̀ rárá.

Obìnrin aláṣọ aláwọ̀ ewé náà dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Níbo lò ń lọ?" Kaoussara béèrè.

"Mo fẹ́ lọ bọ́ aṣọ, Ìyá."

"Jókòó, kí o jẹun kí o tó máa lọ. Ọ̀nà tí o ti rìn bọ̀ kì í ṣe kékeré."

Tata Kafilatou, tó ti ń bá gbogbo ayé jà láti àárọ̀, ló dìde. Ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó bu iyán, ó bu ọbẹ̀ oníyọ̀ lé e, ó gbé ègé wàràgàsì tó tóbi jù lọ sí i, ó sì gbé e ka iwájú ọmọ náà, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ó má baà wò ó.

"Ìyá, èmi ni," ọmọ náà wí. "Táyé ni."

"Mo mọ Táyé." Kaoussara rẹ́rìn-ín músẹ́. "Táyé ti jẹun lọ́sàn-án."

Ó wo bàbá rẹ̀. Bassirou ń ká ẹní tí wọ́n tẹ́ àìsàn lé lórí, ó ń ká a díẹ̀díẹ̀, kò gbé orí sókè. Ó wo ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jókòó, ó fọ ọwọ́, ó bu òkèlè. Ìyá rẹ̀ ń wò ó bí ó ti ń jẹ, ojú rẹ̀ kún, ara rẹ̀ balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ láti oṣù púpọ̀ sẹ́yìn. Ní òdìkejì ògiri, nílé Ẹniọlá, ọmọ sunkún, ó sì dákẹ́.

"Ta lo gbé ọmọ fún?" Kaoussara bi í.

Òkèlè wà lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ilẹ̀ ti fẹ́ máa ṣú lọ́nà ojú irin.

"Ẹniọlá ló ń bá mi gbé e, Ìyá."